Ìdérí Tó Ń Dán

Àfọ́kù kan péré ló kù kí ìdérí náà pé.

Láti àárọ̀ ni Jẹ́jẹ́ ti jókòó sídìí tábìlì ní àgọ́ ọlọ́pàá, tó ń to àfọ́kù mọ́ àfọ́kù, tí ọrùn ń dùn ún, tí tíì rẹ̀ sì ti tutù sínú ife. Ìdérí ike ni. Ó nípọn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, ó rí roboto, ó ní àwọ̀ eérú, ojú rẹ̀ sì ń dán. Gbogbo àfọ́kù ti fẹnu ko ara wọn báyìí, àfi etí ibì kan, níbi tí àlàfo kékeré kan là sílẹ̀ bí eyín tó ká.

Ó pe Sájẹ́ǹtì, jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń pe ènìyàn, torí kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni, ìdí tí wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ nìyẹn. Ó bi í bóyá gbogbo ohun tó ṣà nílẹ̀ níbi tó ti fọ́ rèé. Sájẹ́ǹtì, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ tó jù ú lọ́jọ́ orí àmọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, búra pé òun fọwọ́ ara òun gbá yàrá náà, òun tún fi orúnkún wọ́ lọ sábẹ́ ẹ̀rọ, eruku ibẹ̀ ò sì tíì kúrò lára ṣòkòtò òun.

"Ẹnì kan ti ṣáájú yín ṣà á nìyẹn," ni Jẹ́jẹ́ wí.

Ìdérí yìí ló pa ọmọbìnrin kan. Ilé-iṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ máa ń fi ike olómi ṣe ẹ̀yà ẹ̀rọ. Wọ́n á po ike náà pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun òkúta, wọ́n á dà á sínú mọ́ọ̀dù, wọ́n á sì gbé e sínú ààrò kó le. Ike nìkan máa ń wú gan-an tí iná bá rà á; òkúta kì í fẹ́ẹ̀ wú rárá. Bí ìyẹ̀fun inú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni wíwú rẹ̀ á ṣe dínkù tó. Iṣẹ́ ọmọbìnrin náà ni láti ṣírò iye ìyẹ̀fun tó máa jẹ́ kí ike wú níwọ̀n bí irin tó yí i ká ṣe ń wú, kí wọ́n má baà fún ara wọn mọ́ra títí ọ̀kan á fi fọ́. Oníṣirò ni wọ́n ń pè é. Bàbá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Aláàrò, ló ń po ike náà, òun ló ń dà á, òun ló sì ń ṣọ́ iná. Ọmọ á ṣírò, bàbá á fọwọ́ ṣe é. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà ní yàrá ààrò yẹn, ẹni tó bá sì yọjú síbẹ̀ láìnídìí, àwàdà ni wọ́n máa fi lé e jáde.

Lọ́jọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ náà, wọ́n fi ìdérí tuntun dé ẹnu ìkòkò irin ńlá kan, wọ́n sì se omi inú rẹ̀ kó hó, láti mọ̀ bóyá ìdérí náà á lè gbà á. Gbogbo ènìyàn wà lẹ́yìn ògiri irin. Oníṣirò nìkan ló jáde síwájú láti lọ fojú ara rẹ̀ wò ó. Ìgbà yẹn gan-an ló sán. Omi híhó dà bò ó. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri, ó ń wò ó.

Ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ kan báyìí. Ẹni tí wọ́n tì mọ́lé torí ikú náà ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀, wọ́n sì máa gbé e lọ sílé ẹjọ́ lọ́la.

*

Ọmọkùnrin náà ò bẹ̀bẹ̀. Ìyẹn ló kọ́kọ́ ba Jẹ́jẹ́ lọ́kàn jẹ́. Òun ló ń tọ́jú ẹrù ní ilé-iṣẹ́ ọ̀hún, Onísítọ́ọ̀ ni wọ́n ń pè é, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyẹ̀fun òkúta sì máa ń wà. Nígbà tí Sájẹ́ǹtì lọ ka àpò tó wà nílẹ̀, méjì dín. Kò sì jiyàn. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú àtìmọ́lé, ojú rẹ̀ pọ́n, irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù jákujàku.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá mi lẹ́jọ́, mà. Èmi ni mo pa á."

Jẹ́jẹ́ fa àga kan mọ́ra, ó jókòó, ó sì bi í níbi tó gbé àpò méjèèjì lọ.

Ọmọkùnrin náà sọ ọ́. Wọ́n ti gba yàrá kan tí wọ́n máa jọ gbé lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ilẹ̀ yàrá náà rí gbágungbàgun, Oníṣirò sì fẹ́ràn kó máa fẹsẹ̀ lásán rìn nínú ilé. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ wo yàrá ọ̀hún, ó bọ́ bàtà, ilẹ̀ gún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á máa wọ bàtà sùn nìyẹn. Onísítọ́ọ̀ gbé àpò méjì, ó lo ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ láti fi ìyẹ̀fun náà pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilẹ̀ ọ̀hún, títí ó fi jọ̀lọ̀ bí inú àwo. Ó fẹ́ kó bá a lójijì.

"Kò tíì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí, mà," ló wí, ó sì yí ojú sí ògiri.

Ohun tó ń rò ò ta kókó. Bàbá Aláàrò wá gba ìyẹ̀fun, ó rí i pé àpò ti dín, ó sì mọ ẹni tó gbé e. Torí pé àna òun ni, ó bò ó láṣìírí, ó fi ìyẹ̀fun tí kò tó po ike. Ike wá wú ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì sán. Sájẹ́ǹtì ń mi orí lẹ́nu ọ̀nà; èrò tirẹ̀ náà nìyẹn, ó sì ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó ráyè gbọ́ ọ ní àgọ́.

"Ṣé Bàbá sọ fún ọ pé kò tó?" ni Jẹ́jẹ́ bi í.

"Rárá, mà. Bàbá ò lè sọ ọ́. Wọ́n fẹ́ràn mi."

"O jí ìyẹ̀fun. Ìyẹn wà lọ́rùn rẹ, o sì máa dáhùn fún un. Àmọ́ ikú yìí ni mò ń wá ìdí rẹ̀, mi ò sì tíì rí i lọ́wọ́ rẹ."

Ọmọkùnrin náà gbé ojú sókè wò ó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀bi ọ̀hún nìkan ló kù tó ṣì so ó mọ́ ọmọbìnrin náà, kò sì fẹ́ jù ú sílẹ̀. Jẹ́jẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó dìde, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó sì jáde.

*

Mánéjà ilé-iṣẹ́ ọ̀hún ní èrò tirẹ̀. Ó pàdé wọn lẹ́nu géètì, ó ń nu ojú gbígbẹ, ó sì ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ní ó dun òun gan-an, ó ní kò sí ẹni tí kò fẹ́ràn olóògbé, àmọ́ òótọ́ ni òótọ́ ń jẹ́: ọmọ náà ló ṣi ìṣirò ṣe. Kí ọlọ́pàá kúkú sọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tú ọmọkùnrin yẹn sílẹ̀, kí olúkúlùkù lọ máa ṣọ̀fọ̀ nílé.

Jẹ́jẹ́ ní kó jẹ́ kí òun rí àwọn ìdérí mìíràn tí wọ́n fi ìṣirò kan náà ṣe. Wọ́n tò gbọọrọ lórí pẹpẹ ní yàrá ààrò.

"Èwo nínú wọn ló ti fọ́ rí, sà?"

Mánéjà ní kò tíì sí.

"Àṣé ìṣirò náà máa ń ṣàárẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí ara rẹ̀ tún yá lọ́jọ́ kejì."

Sájẹ́ǹtì fi ọwọ́ bo ẹnu. Mánéjà ní òun ní ìpàdé kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Yàrá ààrò mọ́ tónítóní. Àwọn ọpọ́n tí wọ́n fi ń po ike wà ní ìdojúdé, aṣọ iṣẹ́ méjì sì wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọ̀kan tóbi, èkejì kéré. Bàbá Aláàrò jókòó ti ààrò tí kò níná. Arúgbó tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nínú àpò aṣọ rẹ̀, kò sì yọ ọ́ nígbà tí wọ́n wọlé. Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, ó bá a dárò. Ó dáhùn, ó dúpẹ́, ó tún wo ilẹ̀.

Jẹ́jẹ́ gbé ọ̀kan nínú àwọn ìdérí orí pẹpẹ, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ojú rẹ̀ ṣú, kò dán rárá. Ní etí rẹ̀, àmì àtàǹpàkò kan wà tó wọnú ike náà, ìlà kan sì là á kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ó gbé òmíràn. Àmì kan náà ló wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ní in.

"Àtàǹpàkò ta nìyí, Bàbá?"

Bàbá na ọwọ́ ọ̀tún, ó fi hàn án. Ojú ọgbẹ́ àtijọ́ kan la àtàǹpàkò rẹ̀ kọjá. Ó ṣàlàyé pé tí ike bá ti wà nínú ààrò díẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ iná gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn, kó fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti ń dì. Tó bá ti gba àmì, tí àmì náà ò sì rọ́ padà, wọ́n lè fi kún iná. Bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe kọ́ ọ, òun ò sì mọ ọ̀nà mìíràn.

Jẹ́jẹ́ dúpẹ́. Ó rántí àlàfo tó wà létí ìdérí orí tábìlì rẹ̀, àmọ́ kò sọ ọ́. Nínú iṣẹ́ yìí, nǹkan téèyàn tètè sọ máa ń tètè bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

*

Ó kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun. Ó ní kí wọ́n fi ayùn gé igun kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ nínú àfọ́kù tó tóbi jù, kí wọ́n sì gé igun bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nínú ìdérí kan tó dáa. Òkúta wúwo ju ike lọ, nítorí náà, tí ìyẹ̀fun bá dín, ìwúwo náà á dín. Wọ́n gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Ìwúwo kan náà ni.

Sájẹ́ǹtì tún un wọ̀n, ó tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì fa ìmí.

"Ìyẹ̀fun pé," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Àpò tó kù ní sítọ́ọ̀ tó Bàbá lò. Ọmọkùnrin yẹn fi ìyẹ̀fun rẹ́ ilẹ̀, kò fi pa ẹnikẹ́ni."

"Ìṣirò ló burú nìyẹn, ọ̀gá mi. Mánéjà ló jàre."

"Ẹ fún mi ní ọ̀bẹ yín."

Ó fi ọ̀bẹ họ igun tí wọ́n gé lára ìdérí tó fọ́. Lápá òkè, ọ̀bẹ wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹni gé ọṣẹ. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ló ń le sí i, nígbà tó sì dé ìdí rẹ̀, ọ̀bẹ kàn ń han ni, ẹnu rẹ̀ sì kú. Ó họ èyí tó dáa náà: lókè, láàárín, nísàlẹ̀, bákan náà ló le. Sájẹ́ǹtì gba ọ̀bẹ rẹ̀ padà, ó wo ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́, kò sì ráhùn.

Síbẹ̀ Jẹ́jẹ́ ò fẹ́ fi ọ̀bẹ nìkan pinnu. Ó ní kí wọ́n rẹ́ èèkàn kékeré kan láti apá òkè, kí wọ́n rẹ́ òmíràn láti apá ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì lu ihò kan sára pátákó irin, kó jẹ́ pé èèkàn méjèèjì máa fẹ́rẹ̀ẹ́ há bí wọ́n bá ń gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n kọjá. Wọ́n wá kó gbogbo rẹ̀, àti irin àti èèkàn, sínú omi híhó, wọ́n sì fi ẹ̀mú gbé wọn jáde. Èèkàn ìsàlẹ̀ kọjá nínú ihò náà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ti òkè há pinpin, kò lọ, kò bọ̀.

Gbogbo rẹ̀ wá yé e. Ìṣirò ọmọbìnrin náà gbà pé ìyẹ̀fun wà káàkiri inú ike, pé ibi gbogbo nínú ìdérí máa wú bákan náà. Òótọ́ sì ni, lára gbogbo ìdérí orí pẹpẹ. Àmọ́ nínú ọ̀kan yìí, ìyẹ̀fun ti rọ̀ sísàlẹ̀, ó fi ike lásán sílẹ̀ lókè. Nígbà tí omi hó, òkè fẹ́ wú, ìsàlẹ̀ ò bá a lọ, irin tó yí i ká ò sì gba òkè láyè. Ó lọ́, ó sì sán.

Kí ìyẹ̀fun tó lè rọ̀ báyẹn, ike náà ti gbọ́dọ̀ wà ní olómi fún àkókò gígùn kí wọ́n tó gbé e síná. Wọ́n gbàgbé rẹ̀ síbì kan, tàbí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀.

Ó padà sí yàrá ààrò, ó sì bẹ Bàbá kó po ike díẹ̀ fún òun, ní ìwọ̀n tó máa ń lò, kó dà á sínú ife méjì. Bàbá ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà débi pé kò wo ohun tó ń ṣe. Tó bá ti dà á tán, ó ní, òun máa ń jẹ́ kó sinmi díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde. Jẹ́jẹ́ bi í bí ìsinmi náà ṣe máa ń pẹ́ tó. Kò pẹ́, ni Bàbá wí. Tí òun bá ti fọ ọpọ́n tán, tí òun sì fọ ọwọ́, ó tó nìyẹn.

Ó gbé ife kan sínú ààrò. Nígbà tó nawọ́ sí èkejì, Jẹ́jẹ́ rọra fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí eléyìí dúró dọ̀la, Bàbá."

Bàbá wo ife náà. Lẹ́yìn náà, ó wo Jẹ́jẹ́, ó sì ti ọwọ́ òsì rẹ̀ bọnú àpò jinlẹ̀ sí i.

*

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó gbé Onísítọ́ọ̀ lọ sílé ẹjọ́, Jẹ́jẹ́ nìkan ló lọ bá Bàbá. Wọ́n gbé ife kejì sínú ààrò, wọ́n jókòó tì í títí ó fi le. Jẹ́jẹ́ wá to ife méjèèjì síwájú Bàbá lórí tábìlì. Ojú ife tó wọ ààrò lánàá ṣú bíi ti gbogbo ìdérí orí pẹpẹ. Ojú èkejì dán gbinrin bíi dígí. Fèrèsé àti orí arúgbó náà hàn nínú rẹ̀. Bàbá rí i, ó sì yí ojú kúrò.

"Ta ló gbé ìdérí yẹn sínú ààrò, Bàbá?"

"Èmi ni."

"Lọ́jọ́ tí ẹ dà á?"

"Lọ́jọ́ tí mo dà á gan-an."

"Kì bá tí dán, Bàbá. Àfọ́kù tó wà lọ́dọ̀ mi ń dán."

"Mo gbàgbé rẹ̀ síta nígbà náà. Mo ti darúgbó. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ẹ kọ pé arúgbó gbàgbé. Ẹ tú ọmọkùnrin yẹn sílẹ̀, kí ẹ mú mi lọ."

"Kí ló wà nínú àpò yín?"

Jẹ́jẹ́ ò tún un bi í. Ó kàn jókòó síwájú rẹ̀, ó dúró dè é, bí ẹni pé kò sí ibòmíràn tó ń lọ láyé yìí. Nígbà tó yá, arúgbó náà yọ ọwọ́ òsì, ó sì là á.

Àfọ́kù tó sọnù ni. Àmì àtàǹpàkò wà lára rẹ̀, àmọ́ kò sí ojú ọgbẹ́ kankan níbẹ̀, ó sì kéré. Àtàǹpàkò obìnrin ni.

Ó wá sọ ọ́. Lọ́jọ́ tó da ike náà, ikọ́ ń ṣe é burúkú burúkú, kò lè dìde dúró dáadáa. Ọmọ rẹ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀, ó ní kó fi ṣíṣọ́ ààrò sílẹ̀ fún òun. Bàbá jiyàn, ọmọ náà bá a ṣeré, ó ní ṣé Bàbá rò pé òun ò lè ṣọ́ iná ni. Ó kọ́kọ́ mú un lọ sílé, ó ní òun á padà wá gbé ike náà síná. Àmọ́ ara Bàbá gbóná, ikọ́ ò sì dáwọ́ dúró. Ọmọ náà ò lè fi í sílẹ̀. Ó se omi fún un, ó fi aṣọ tútù nu iwájú orí rẹ̀, ó sùn sórí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Láàárọ̀ ló tó sáré lọ síbi iṣẹ́, tó gbé mọ́ọ̀dù sínú ààrò, tó ṣílẹ̀kùn, tó sì fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀ bó ṣe ń rí bàbá rẹ̀ tó ń ṣe é láti kékeré.

Nígbà tí ara Bàbá yá tó sì dé ibi iṣẹ́, ọmọ náà dì í lójú, ó fà á dé iwájú ìdérí tuntun kó tó ṣí i. Ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó bó ṣe ń dán. Tiyín ò dán báyìí rí." Ó ní bóyá ìsinmi tó pọ̀ ló dáa fún ike, pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti jáde tán pátápátá. Inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọdé.

"Ara fu mí," ni Bàbá wí. "Mi ò mọ ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n kò rí bíi tèmi, ara sì fu mí. Mo fẹ́ ní kó jẹ́ ká tún òmíràn dà. Mo wá wojú ẹ̀." Ó yí àfọ́kù náà padà. "Mo ní, ó dára, ọmọ mi."

Jẹ́jẹ́ sún mọ́ ọn.

"Ohun tó jẹ́ kó jáde lẹ́yìn ògiri nìyẹn. Ó fẹ́ lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Tí mo bá ní kò dára ńkọ́?"

Omi ń dà lójú arúgbó náà, kò nù ún. Jẹ́jẹ́ sọ èyí tó mọ̀ fún un.

"Ìṣirò rẹ̀ ò ní àṣìṣe. Mo ti dán an wò. Ìwọ̀n tiyín náà pé. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ìsinmi lè pọ̀ jù, torí ẹ̀yin fúnra yín ò mọ̀. Ẹ kì í ṣáà jẹ́ kó pẹ́."

"Ṣé ẹ máa sọ fún wọn pé òun ló ṣe é?"

"Mo máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ara bàbá rẹ̀ ò yá, ó sì dúró tì í."

Bàbá mi orí, ó tún mi orí. Ó fi àtàǹpàkò tirẹ̀ sí ojú àmì náà. Kò wọ̀ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti tóbi jù. Ó fi sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ń fi í lọ́ sọ́tùn-ún àti sósì, títí Sájẹ́ǹtì fi dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú Onísítọ́ọ̀. Jẹ́jẹ́ ti ní kí wọ́n mú un wá, torí kò sí ẹjọ́ ikú tó kù láti bá a rò. Ti àpò ìyẹ̀fun á ní ọjọ́ tirẹ̀. Ọmọkùnrin náà dúró, kò mọ bóyá kó wọlé. Bàbá ò pè é. Ó kàn sún díẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, ọmọkùnrin náà sì wá jókòó síbi tí ó ṣí sílẹ̀.

"Wọ́n ní ilẹ̀ yàrá yẹn jọ̀lọ̀," ni Bàbá wí.

"Ó jọ̀lọ̀, sà."

"Wàá mú mi dé ibẹ̀. Mo fẹ́ bọ́ bàtà mi, kí n rìn lórí ẹ̀."

Onísítọ́ọ̀ bú sẹ́kún, ó sì fi orí lé èjìká arúgbó náà.

Ẹ̀rí ni àfọ́kù náà, Jẹ́jẹ́ gbọ́dọ̀ gbà á. Ó na ọwọ́, kò sì wo ojú Bàbá. Ó pẹ́ kí ọwọ́ arúgbó náà tó là. Nígbà tí àfọ́kù náà bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ Jẹ́jẹ́, ó gbóná bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ibùsùn.

Ní àgọ́, Jẹ́jẹ́ ti ilẹ̀kùn, ó jókòó síwájú ìdérí tó ti tò, ó sì gbìyànjú láti fi àfọ́kù náà sí àlàfo rẹ̀. Ó há díẹ̀. Bóyá ooru ọwọ́ bàbá yẹn ló ṣì wà lára rẹ̀, tó mú kó wú. Kò fi agbára tì í. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ kó tutù.